Blue Monday ti New Order: èwo ni ká fún díìjéè lọ́jọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi?

Àbúrò_Ọlọ́jọ́
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé orin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa pé ọgọ́ta ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Manchester la ti fẹ́ ṣe é, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kàwé nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọge. Aṣọ ẹbí ti délẹ̀, àwọn alásè ti gba owó àsansílẹ̀, ètò orin ló já lé mi léjìká. Wọ́n ní ká lu Obey, ká lu Sunny, ká lu Shina Peters títí ilẹ̀ á fi mọ́, àwọn ò bínú. Àmọ́ orin kan wà tí àwọn gbọ́dọ̀ jó kí pátí tó túká: Blue Monday, ti New Order, ẹgbẹ́ olórin kan láti Manchester.

Mo ṣe bí nǹkan kékeré ni. Mo wá a lórí fóònù, oríṣiríṣi ló tú jáde. Mo tẹ èyí tó wà lókè, wọn ò jẹ́ kó pẹ́, wọ́n ní "Pa á! Gìtá wo ló ń han báyìí?" Mo tẹ òmíràn, wọ́n fetí sí i díẹ̀, wọ́n ní ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó nǹkan kún un jù, pé ti àwọn ò kánjú bẹ́ẹ̀. Díìjéè náà tún ń sọ pé òun ò lè lu orin òyìnbó kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ní òde àríyá wa, pé àwọn èèyàn á padà lọ jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, èwo gan-an ni mò ń wá?

Bọ̀dé_Salford
Èyí tí gìtá ń han nínú rẹ̀ yẹn, ti Orgy ni, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà tó tún orin náà kọ ní 1998. Àwọn ọmọ ìgbà yẹn mìíràn rò pé àwọn ló ni ín. Èyí tí wọ́n kó nǹkan kún á jẹ́ rímíìsì 1988.

Ti oṣù kẹta ọdún 1983 ni ẹ̀gbọ́n yín ń wá. Àwo ńlá oní-íǹṣì méjìlá ni, Factory Records ló gbé e jáde, FAC 73 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ wo gígùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó: ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 29. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gé e.

Kó lè dá yín lójú, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n rí ajá nínú fídíò rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ti 1988 ni wọ́n mọ̀. Ajá William Wegman, ayàwòrán kan láti Amẹ́ríkà, ló wà nínú ìyẹn, Fay Ray lorúkọ rẹ̀.

DJ_Kọ́láwọlé
Òde àríyá ni mo ti ń jẹun, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Leeds, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún yín. Díìjéè yín ò purọ́. Ti 1983 yẹn, ìlù gbì-gbì-gbì lásán lẹ máa gbọ́ ná. Ohùn èèyàn ò níí jáde títí ìṣẹ́jú méjì á fi kọjá. Ṣé láàárín àwọn ìyá tó wé gèlè, tí jọ̀lọ́ọ̀fù ṣì wà níwájú wọn? Wọ́n á rò pé ẹ̀rọ ti há ni.

Ẹ lu ti 1988. Quincy Jones ló mójú tó o, ẹni tó ṣe Thriller fún Michael Jackson. Ipò kẹta ló dé ní Britain, ti àkọ́kọ́ ò sì kọjá ipò kẹsàn-án. Èyí tó wà lórí àwo kékeré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àgbà_Àwo
Kọ́láwọlé, kò tíì bùṣe o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ipò kẹsàn-án yẹn wò. Nígbà tí orin náà kọ́kọ́ jáde, ipò kejìlá ló dé. Wọ́n pè wọ́n sí Top of the Pops, ètò orin kan lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwọn olórin ti máa ń la ẹnu lásán tí àwo á máa kọrin lábẹ́. New Order ní àwọn ò ṣe irú ẹ̀, àfi kí àwọn kọ ọ́ lójúkojú. Wọ́n kọ ọ́, kò dùn rárá. Orin àwọn ẹlòmíràn máa ń gòkè lẹ́yìn ètò yẹn, tiwọn sọ̀ kalẹ̀ ni. Ilé ijó ló gbé e dìde padà, tó fi di oṣù kẹwàá ọdún yẹn kó tó dé ipò kẹsàn-án. Kò sí àwo kékeré ní Britain nígbà náà, àwo ńlá yẹn nìkan ni wọ́n ń tà. Títí dòní, kò tíì sí àwo oní-íǹṣì méjìlá mìíràn tó tà tó o nílẹ̀ náà, ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìwọ wá ń fi ipò wé ipò.

Ti Quincy Jones: òun ló ni ilé iṣẹ́ Qwest tó ń gbé New Order jáde ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ John Potoker náà wà nídìí rímíìsì yẹn, ẹ má gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ó wá ku ìlù gbì-gbì-gbì tó o ní ó pẹ́ jù. Ẹgbẹ́ yìí kì í padà sórí ìtàgé tí wọ́n bá ti kọrin tán, àwọn èrò a sì máa bínú gan-an. Wọ́n wá rò ó pé ká ní orin kan wà tí ẹ̀rọ lè kọ fúnra rẹ̀, àwọn á kàn tẹ bọ́tìnnì, àwọn á bá tiwọn lọ. Èrò yẹn ló bí Blue Monday. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ní Britannia Row ní Islington, sítúdíò tó jẹ́ ti Pink Floyd. Ẹ̀rọ Oberheim DMX ló ń lu ìlù. Bernard Sumner, akọrin wọn, fúnra rẹ̀ ló to sequencer pọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú kí àwọn ẹ̀rọ orin máa lu ohùn fúnra wọn, èròjà rẹ̀ ni wọ́n ń tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń jókòó lálaalẹ́ ó ń jó wáyà mọ́ wáyà.

Gillian Gilbert, obìnrin kan ṣoṣo inú wọn, ni wọ́n fún ní iṣẹ́ tó le jù. Òun ló tẹ gbogbo ohùn orin náà sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti kọ ọ́ sórí ìwé, ó fi téèpù lẹ ìwé náà mọ́ra wọn títí ó fi gùn dé ìpẹ̀kun yàrá. Òun náà ló sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun fo ohùn kan. Torí ohùn kan tó fò yẹn, ohùn kíbọ́ọ̀dù àti ìlù ò bọ́ sójú kan náà mọ́: ọ̀kan ń sáré díẹ̀, èkejì ń lé e. Wọ́n gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fa ẹsẹ̀ èèyàn nìyẹn. Ẹni tó bá gé ìbẹ̀rẹ̀ orin yìí kúrò, tó ní òun fẹ́ yára dé ibi tí Sumner ti ń sọ̀rọ̀, kí ló wá kù? Sumner ò mọ orin kọ tó bẹ́ẹ̀, mo sọ ọ́, kẹ́ ẹ bínú.

Ìyá_Pẹ̀lúmi
Ẹ̀yin ará mi, ṣé kì í ṣe inú álíbọ́ọ̀mù wọn tó ní òdòdó lára ló wà ni? Power, Corruption & Lies. Ẹ kúkú ra ìyẹn, ẹ óò rí orin mìíràn níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bọ̀dé_Salford
Mà, ó sinmi lórí ibi tí wọ́n ti ra tiyín. Èyí tó jáde ní Britain ní oṣù karùn-ún 1983 kò ní Blue Monday nínú. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló fi kún kásẹ́ẹ̀tì tiwọn. Orin tó wà nínú ti Britain ni 586, ọmọ ìyá Blue Monday ni, ibì kan wà níbẹ̀ tí ẹ óò ṣì gbọ́ ọ mọ́ ọn.

Ẹni tó bá fẹ́ álíbọ́ọ̀mù, kó ra Substance ti 1987. Àwọn orin tó jáde lórí àwo ńlá ló kún inú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra díẹ̀ níbẹ̀ ṣá: Temptation àti Confusion tó wà nínú rẹ̀, wọ́n tún wọn kọ ni, kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Wọn ò fọwọ́ kan Blue Monday ní tirẹ̀.

Ọmọ_Òkè_Àdó
Èmi ò mọ ìdí tí a fi ń pariwo nítorí òyìnbó mẹ́rin tó ń tẹ bọ́tìnnì. Ní 1983 yẹn kan náà, William Onyeabor ń fi synthesizer, kíbọ́ọ̀dù oníná tó ń ṣẹ̀dá ohùn, dá bírà ní Enugu, ó gbé Good Name jáde. Orin yẹn gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlù ẹ̀rọ àti kíbọ́ọ̀dù ló sì gbé e ró. Ọdún yẹn náà ni Sunny Adé gbé Synchro System jáde, synthesizer wà nínú tiẹ̀ náà.

Mo tún fẹ́ bi DJ_Kọ́láwọlé: ta ló sọ fún un pé Yorùbá ò lè dúró de orin? Àwo Obey láyé ìgbà yẹn, ojú kan àwo látìbẹ̀rẹ̀ dópin, orin kan ń wọ inú òmíràn, kò sí ìdákẹ́. Gángan á ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́ kí Olóyè tó lanu. Àwọn ìyá tó wé gèlè tó o ń bẹ̀rù yẹn ló jó o. Ṣé ìṣẹ́jú méjì òyìnbó ló máa pa wọ́n?

DJ_Kọ́láwọlé
Òkè Àdó, gángan ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́ ohun tó ń wí. Oberheim DMX ń wí kí ni?

Ọmọ_Òkè_Àdó
"Ẹ dìde." 😂

Aunty_Tolú_M14
Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Mo wà ní Manchester lọ́dún náà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́. Gbogbo èèyàn ló ń sọ Haçienda, ilé ijó kan níbẹ̀, lónìí bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ń sùn. Factory àti New Order ló dá a sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1982, owó orin sì ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ibẹ̀ fẹ̀ ó sì máa ń ṣófo, òtútù ibẹ̀ ò kéré, èèyàn á wọ kóòtù jó. Ìgbà tí orin háòsì dé lẹ́yìn náà ni ìlà èrò tó wà nínú fọ́tò yẹn bẹ̀rẹ̀.

Àwa ọmọ dúdú, Legend, ilé ijó mìíràn, là ń lọ ní Wednesday. Díìjéè òyìnbó kan tó ń jẹ́ Greg Wilson ló ń lu orin níbẹ̀, elékitirò, orin ijó tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, tó ń bọ̀ láti New York ló máa ń lù, àwa dúdú la sì pọ̀ jù nínú èrò ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ orin elékitirò yẹn, kò ní ya á lẹ́nu nígbà tó bá gbọ́ Blue Monday. Ibẹ̀ àti orin dísíkò ni wọ́n ti kó ìmọ̀ jọ: ìlù ẹsẹ̀ yẹn jọ ti Donna Summer nínú Our Love, ipa Sylvester, akọrin dísíkò, wà nínú rẹ̀, ohùn àwọn akọrin tó ń hu lẹ́yìn yẹn, inú àwo Kraftwerk, ẹgbẹ́ kan láti Jámánì, ni wọ́n ti fi sampler, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, gbé e. Àwọn náà ò fi pamọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní orin òyìnbó aláwọ̀ funfun nìkan ni, kò wò ó dáadáa.

Àbúrò, ẹ̀gbọ́n rẹ mọ ohun tí wọ́n ń wá. Má jẹ́ kí wọ́n gé e.

Ọlá_Leeds
Ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹ ra àwo gidi fún wọn, kẹ́ ẹ fi férémù dè é. Páálí rẹ̀ nìkan tó ẹ̀bùn. Ó dà bíi díìsìkì flọ́pì tí kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ń lò, wọ́n gé ihò sí i lára, kò sí orúkọ ẹgbẹ́ kankan níwájú rẹ̀. Mo tiẹ̀ gbọ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí páálí yẹn wọ́n débi pé gbogbo ẹyọ kan tí wọ́n tà, Factory ń pàdánù owó lórí rẹ̀, orin náà sì ń tà wìtìwìtì.

Àgbà_Àwo
Ìtàn pàdánù yẹn, Tony Wilson, ọ̀kan lára àwọn tó dá Factory sílẹ̀, fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n iye tí kálukú ń dá lé e kò bára mu, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé wọn ò lo páálí oníhò títí lọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé orin ń tà, wọ́n tẹ òmíràn tí kò níhò, ìyẹn ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, tí ìpàdánù bá wà, ti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ rà: ẹ fọwọ́ kan páálí náà. Kí ihò wà níbẹ̀ ní tòótọ́, kí ẹ lè fi ìka kan páálí inú tó dúdú bíi fàdákà láti ìta. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ya ihò náà sí i lára ni, ti ẹ̀yìn ni, kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n ẹ má san owó ti àkọ́kọ́ fún un. Peter Saville àti Brett Wickens ló ṣe iṣẹ́ ọnà páálí náà. Àwọn àwọ̀ tó wà létí ọ̀tún yẹn, ìwé kíkà ni: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á rí orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ orin méjèèjì àti nọ́ńbà FAC 73. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń kà á wà lẹ́yìn Power, Corruption & Lies, òbìrí aláwọ̀ mèremère yẹn.

Ọlá_Leeds
Páálí inú tó "dúdú bíi fàdákà"? Fàdákà ló jẹ́, bàbá. Ó ń dán.

Àgbà_Àwo
Tèmi ti pẹ́ nínú ilé 😄. Ó ń dán, ẹ gba ti Ọlá.

Àbúrò_Ọlọ́jọ́
Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo bi wọ́n nípa ajá. Wọ́n ní "Ajá wo? Ṣé orin àbí ọdẹ?" Mo fi àwòrán páálí hàn wọ́n, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọn ò dá a padà mọ́. Ti 1983 ni. Ọmọbìnrin tí àwọn jọ ń gbé yàrá ló ni àwo náà, wọ́n sì máa ń tì í mọ́ ilé torí àwọn aládùúgbò.

Díìjéè ṣì ń jà o. Ó ní òun gbà láti lu ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ni mo lè sọ fún un?

DJ_Kọ́láwọlé
Ó dáa, ẹ ti pọ̀ jù mí lọ. Bí èmi bá ni wọ́n fún níṣẹ́ náà, báyìí ni màá ṣe é.

Má jẹ́ kó jáde látinú jùjú wọ inú rẹ̀ ní tààrà. Ìlù àwọn méjèèjì ò rìn pọ̀, á dà bí ìgbà tí iná lọ. Kọ́kọ́ lu dísíkò méjì tí wọ́n mọ̀. I Feel Love ti Donna Summer wà níbẹ̀, 1977 ló jáde ṣùgbọ́n kò tíì gbó, Giorgio Moroder àti Pete Bellotte ló ṣe é, ẹ̀rọ ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ró. Lẹ́yìn náà, fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kí DMX wọlé. Eré Blue Monday tó nǹkan bí 130 ní ìṣẹ́jú kan, kó ṣètò èyí tó ṣáájú rẹ̀ kó sún mọ́ ọn.

Ìṣẹ́jú méjì tí ohùn èèyàn ò sí yẹn, kó fún alága ìdúró ní máíìkì. Kí wọ́n fi pe ọlọ́jọ́ ìbí jáde, kí wọ́n pe àwọn ọmọ, kí wọ́n pe àwọn tó bá wọn kàwé. Kí Sumner tó lanu, ojú ijó á ti kún, wọ́n á sì ti máa náwó. Kò níí sí ẹni tó máa mọ̀ pé orin gùn.

Ọmọ_Òkè_Àdó
Ẹ gbọ́ o! Gángan ti ń sọ̀rọ̀.

Àgbà_Àwo
Mo fara mọ́ ọn, àyàfi máíìkì. Tí ohùn akọrin Kraftwerk yẹn bá ti wọlé, kí alága pa ẹnu mọ́. Kí wọ́n parí ìpè lórí ìlù nìkan. Bákan náà, gìtá béèsì Peter Hook, ọmọ ẹgbẹ́ náà, ń bọ̀ lókè, ó sọ pé inú orin tí Ennio Morricone ṣe fún fíìmù kọ́bọ́ọ̀yì lòun ti kó o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kí "ẹ kú ìnáwó" lórí ìyẹn.

Aunty_Tolú_M14
Àgbà, òde ọjọ́ ìbí ni o, kì í ṣe ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí alága sọ̀rọ̀ bó bá ṣe wù wọ́n.

Wálé_Tuntun
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹgbẹ́ náà ṣì wà? Ṣé a lè gbé ẹ̀gbọ́n yẹn lọ wò wọ́n?

Bọ̀dé_Salford
Wọ́n wà, wọn ò sì wà pọ̀. Peter Hook kúrò ní 2007. Àwọn tó kù padà sórí ìtàgé ní 2011, Gillian Gilbert náà padà wá, Tom Chapman ló gba béèsì. Hook bínú, ó gbé wọn lọ sí kóòtù lórí orúkọ àti owó, 2017 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ tiẹ̀ báyìí, Peter Hook and the Light, orin kan náà lòun náà ń kọ kiri. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ béèsì yẹn lọ́wọ́ ẹni tó dá a, ọ̀dọ̀ Hook ni kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ Sumner, Stephen Morris onílù wọn àti Gilbert, kó lọ sọ́dọ̀ New Order. Ní tèmi, béèsì ni mo ń tẹ̀ lé.

Haçienda ní tirẹ̀ ti tì pa láti 1997. Ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ lè fi mọ́tò gbé wọn kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n ya fọ́tò, Whitworth Street West ni.

Aunty_Tolú_M14
Kí wọ́n ya á kí wọ́n tó wé gèlè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára.

Bọ̀dé_Salford
Ohun kan kù, Àbúrò. Má wa orin náà jáde látinú fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì fún díìjéè. Lórí ẹ̀rọ ńlá, ìlù ẹsẹ̀ yẹn á fọ́. Ra fáìlì WAV tàbí kó o yá sídíì Substance lọ́wọ́ ẹni tó ní i.

Tí wọ́n bá ra àwo gidi, ẹ yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni The Beach, orin kan náà ni, wọ́n kàn yọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò, wọ́n sì tú u ká bí àwọn ará Jàmáíkà ṣe máa ń ṣe dọ́ọ̀bù. Ó dáa fún ìgbà tí wọ́n bá ń pín kéèkì.

DJ_Kọ́láwọlé
Àbúrò, fún díìjéè yẹn ní nọ́ńbà mi. Tó bá ṣì ń jiyàn, mo wà ní àyè lọ́jọ́ náà.